Òfin Kan Ṣoṣo, Nọ́ńbà Mẹ́ta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí, mo tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí ò ráyè wá.

Bàbá kan ló jẹ́ kí n mú kókó yìí, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fún òfin ní nọ́ńbà. Wọ́n gbé àgírímẹ́ǹtì ilẹ̀ wọn wá bá mi, ìwé tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin títí ojú ibi tí wọ́n ká a fi fẹ́ já, wọ́n wá fìka tẹ ìlà kan, "Land Use Decree No. 6 of 1978". Wọ́n ní ọmọ àwọn rí "Cap L5" (Cap ni ìgékúrú Chapter, ìyẹn orí) nínú ìwé mìíràn, ìwé tí lọ́yà kan sì kọ nígbà kan, "Cap 202" ló wà níbẹ̀, ṣé òfin mẹ́ta ló wá ń jìjà lórí ilẹ̀ kan ni? Mo ní rárá, bàbá, òfin kan náà ni, òfin ilẹ̀.

Lọ́dún 1978, ológun ló wà lórí oyè, kò sílé aṣòfin, dìkírì ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn sì ni nọ́ńbà 6 ọdún náà. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo òfin ìjọba àpapọ̀ jọ lọ́dún 1990, ìyẹn Laws of the Federation tí àwọn lọ́yà ń pè ní LFN, wọ́n tò wọ́n ní ABC, wọ́n wá ka nọ́ńbà lọ gbọọrọ láti 1, tilẹ̀ bọ́ sí 202. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí òfin tuntun bá dé tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, kò sáàyè fún un mọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Lọ́dún 2004 ni wọ́n wá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kíkà tiẹ̀, L5 túmọ̀ sí ìkarùn-ún nínú àwọn òfin L. Mo fẹ́ràn ètò yẹn gan-an, ó mọ́gbọ́n dání.

Nísinsìnyí tó jẹ́ pé àwọn aṣòfin ló ń ṣe òfin, ọ̀nà ẹ̀ jìn. Bíìlì, ìyẹn àbá òfin, tó bá wá láti Sẹ́nétọ̀ ń jẹ́ SB (Senate Bill), ti Aṣojú-ṣòfin ń jẹ́ HB (House Bill). Wọ́n á ka orúkọ ẹ̀ lásán lẹ́ẹ̀kíní, ìkejì ni wọ́n máa ń jiyàn lé e lórí, kọmítì á gbà á yẹ̀ wò, àwọn aráàlú náà lè lọ sọ tẹnu wọn níbẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ!), lẹ́yìn náà kíkà kẹta, ilé kejì náà á ṣe tiẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀. Tó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta nílé méjèèjì lè sọ ọ́ dòfin láìsí ọwọ́ ẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí òfin NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, nígbà Ọbásanjọ́ lọ́dún 2000.

Wọ́n á wá fún un ní nọ́ńbà, ọdún kọ̀ọ̀kan sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ẹ wò ó: òfin ilẹ̀, nọ́ńbà 6 ti 1978, NDDC, nọ́ńbà 6 ti 2000, òfin epo rọ̀bì, nọ́ńbà 6 ti 2021. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà láìpe ọdún, kò tíì sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni CAMA, òfin tó ń darí àwọn kọ́ńpìnnì, Cap C20 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti pa á rẹ́, Act No. 3 ti 2020 ló rọ́pò ẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń gbé C20 kiri, òfin tó ti kú ló gbé lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wá bi mí léèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn yí òfin ilẹ̀ yìí padà bí wọ́n ṣe yí CAMA. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi. Abala 315 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló dáàbò bò ó: ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan L5, àfi kó rí sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360, kó tún wá rí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 tó máa gbà fún un.