Ojú Aago Mẹ́fà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ọba, ẹ kú òtútù.

Texas ni mo ti kọ́ bàálù wíwà, nínú Cessna 172 tó ní Garmin G1000. Síkíríìnì ńlá méjì, nọ́ńbà ló kún ojú wọn. Nígbà tí mo kó wá sí England, Piper Warrior àtijọ́ ni mo bá ní kílọ́ọ̀bù: ojú aago mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀.

Ibi tí nǹkan wà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Eré lápá òsì, gíga lápá ọ̀tún. Ojú mi ló dà mí láàmú, nọ́ńbà ló ń wá kà. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń ka nọ́ńbà lára aago ògiri? Ibi tí ọwọ́ nà sí là ń wò. Ní báyìí, tí mo bá ń bọ̀ wá balẹ̀, mo mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ eré wà láì kà á rárá, mo sì ráyè wo ìta.

Èyí tó le jù ni tí nǹkan bá bàjẹ́. G1000 kì í fi bò: bí apá kan bá kú, yóò fa ìlà pupa méjì gbàgà-gbàgà dábùú ibẹ̀. Nínú Warrior, ẹ̀rọ kan tó ń fa afẹ́fẹ́ ló ń yí aago tó ń fi hàn bóyá ìyẹ́ dọ́gba. Tí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, aago náà kò ní pariwo. Á kàn máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ nínú ìkùukùu, òun náà á máa fì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ mi fi máa ń lẹ bébà mọ́ ọn lójú, á ní kí n fi àwọn tó kù wa bàálù.

Aago tó ń tọ́ka ọ̀nà náà ń yà díẹ̀díẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 15 síra wọn, èèyàn á fi kọ́ńpáàsì tún un ṣe. Kí bàálù ṣáà máa lọ tààrà o, torí kọ́ńpáàsì máa ń purọ́ tí a bá ń yà.

Mi ò bú tuntun o. Àmọ́ ní 2010, NTSB tó ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ìjàm̀bá bàálù kéékèèké oní-síkíríìnì kò pọ̀ tó ti oníaago, ṣùgbọ́n ìjàm̀bá tó ń gba ẹ̀mí pọ̀ nínú tiwọn ju ti oníaago lọ. Wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ lórí wọn pọ̀ sí i.

Àwọn tó ṣe Cessna tí mo fi kọ́ṣẹ́ gan-an kò fọkàn tán síkíríìnì: wọ́n to ojú aago kékeré mẹ́ta sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lórí irú rẹ̀, ẹ sọ fún olùkọ́ yín kó pa síkíríìnì, kí ẹ fi mẹ́ta yẹn wa bàálù wò.