Omi Tó Kù Nínú Amọ̀

Àsàlámù àlékùmù wàràmótúláhì wàbàrákátúhù, ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn.

Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni Ọlọ́hun dá bàbá wa, Ànábì Ádámọ̀. Abu Hurayrah gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ọjọ́ tó lóore jù lọ tí oòrùn yọ sí ni ọjọ́ Jímọ̀: inú rẹ̀ la dá Ádámọ̀, inú rẹ̀ la mú un wọ Àlùjánnà, inú rẹ̀ náà la sì mú un jáde níbẹ̀. Imam Muslim ló gbé hádíìsì náà wá nínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ amọ̀ ni òní. Ẹ jẹ́ ká wo amọ̀ náà fínnífínní.

Àlùkùránì kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun tí a fi dá wa. Ó pè é ní erùpẹ̀ (3:59), ó pè é ní amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ (37:11), ó pè é ní ẹrẹ̀ dúdú tó ti yí padà (15:26), ó sì pè é ní amọ̀ gbígbẹ tó ń dún bí ìkòkò (55:14). Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìkòkò yóò rí i pé àwọn orúkọ yìí tẹ̀ léra wọn. Erùpẹ̀ ni amọ̀kòkò ń wà. Tí omi bá kàn án, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tó bá wà nínú omi pẹ́, á dúdú, á máa rùn, ìgbà yẹn ló sì ń rọ̀ dáadáa fún mímọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì ṣàlàyé pé ṣalṣāl, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà nínú ẹsẹ yẹn, ni amọ̀ gbígbẹ tó ń dún tí a bá kàn án, tí iná kò tíì dé ara rẹ̀. “Bí ìkòkò” ni Ọlọ́hun wí. Iná tí Ìbìlísì fi ń yangàn (38:76) kò sí lára bàbá wa.

Anas sì gbà á wá, nínú Muslim bákan náà, pé nígbà tí Ọlọ́hun ya àwòrán Ádámọ̀ tán, tí Ó fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tó wù Ú, Ìbìlísì bẹ̀rẹ̀ sí yí i ká, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, ló bá mọ̀ pé ẹ̀dá tí kò ní lè kó ara rẹ̀ níjàánu ni. Ọ̀tá ti yẹ amọ̀ wa wò kó tó di pé ẹ̀mí wọ inú rẹ̀. Àwa tí a ni ara wa ńkọ́, ìgbà wo la yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?

Ìrísí wa kò sí lọ́wọ́ wa. Al-Muṣawwir, Ayàwòrán ẹ̀dá, ló ni í. Ìwà ni wọ́n máa bi wá léèrè: “Ẹni tó fọ ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ ti jèrè, ẹni tó sì rì í mọ́lẹ̀ ti pòfo” (91:9-10).

Bí amọ̀ bá jáde nínú kòtò, kò tíì ṣe é mọ nǹkan kan. Gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, òkúta wà nínú rẹ̀, apá kan le, apá kan rọ̀. Ohun tí amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ ń kọ́kọ́ ṣe máa ń ya àlejò lẹ́nu: á sá a títí á fi gbẹ táútáú, á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kó tó da omi bò ó. Amọ̀ tó gbẹ tán ń tètè fa omi, láàárín wákàtí díẹ̀ á ti tú ká. Èyí tó ṣì tutù díẹ̀ lè jókòó sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ara rẹ̀ máa yọ̀, kí àárín rẹ̀ sì le bó ṣe wà. Ó yẹ kí èyí ba àwa tí à ń gbọ́ wáàsí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́rù. Ẹni tó mọ̀ pé ọkàn òun ti gbẹ, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun á wọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó rò pé òun ti tutù tó, ara lásán ni ọ̀rọ̀ ń yọ̀ kúrò. “Ǹjẹ́ àsìkò kò tíì tó fún àwọn tó gbàgbọ́ kí ọkàn wọn rọ̀ fún ìrántí Ọlọ́hun?” (57:16). Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ni pé kí a mọ̀ pé Ọlọ́hun ń jí ilẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú.

Sísẹ́ ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni pípò. A máa ń po amọ̀ tó ìgbà 50 sí 100, a ó sì fi wáyà tín-ín-rín gé e sí méjì láti wo ojú ibi tí a gé. Tí ihò bá wà níbẹ̀, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ bá rí abilà, a ó kàn án mọ́ra padà, a ó tún un pò. Ara òde amọ̀ a máa dán kí inú rẹ̀ tó dọ́gba. Gígé yìí ni ìṣirò ara ẹni. Lálẹ́, kí o tó sùn, mú ọjọ́ náà, gé e sí méjì, wo àárín rẹ̀: kí lo sọ nígbà tí inú bí ọ, kí lo wò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ọ́?

Òkúta ẹfun wà tó lè kéré bí irúgbìn, tí ojú kì í rí nínú amọ̀. Iná kì í fi í hàn. Ìkòkò náà á jáde ní pípé, wọ́n á kàn án, á dún gbaingbain. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, níbi tí wọ́n gbé e sí jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ á ṣí, ìpẹ́ kan á já bọ́, nǹkan funfun tó kéré yóò sì wà nísàlẹ̀ ihò náà. Iná ti sun òkúta yẹn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń fà díẹ̀díẹ̀ tó fi wú. Ṣekárími nìyẹn. Èèyàn lè la ìyà já, kó la àìsàn já, kí ìyìn àwọn èèyàn sì wá fọ́ ọ nígbà ìrọ̀rùn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ fún àwọn sàábé pé ohun tí òun ń bẹ̀rù jù lórí wọn ni ẹbọ kékeré. Wọ́n bèèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ṣekárími ni. Ọlọ́hun náà sì wí pé Òun yóò fi aburú àti dáadáa dán wa wò (21:35). Ojú asẹ́ tó kéré gan-an nìkan ló ń mú òkúta yìí, kí a tó mọ ìkòkò rárá. Ní iṣẹ́ rere kan tí ọkọ tàbí aya rẹ pàápàá kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Tí a bá fẹ́ fi etí sára ìkòkò, etí àti ara ìkòkò gbọ́dọ̀ tutù bákan náà. A ó ha ojú méjèèjì, a ó fi amọ̀ ṣíṣàn pa á, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Etí tútù lára ìkòkò tó ti gbẹ yóò là níbi tí wọ́n ti pàdé, nítorí pé amọ̀ a máa súnkì bó ṣe ń gbẹ, ọ̀kan ti súnkì tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí ìrun àsùbá ṣì ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ṣe ń gbé ìrun òru gígùn lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti já. Iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe láìdáwọ́dúró, bó tilẹ̀ kéré. Àìṣá ló gbà á wá, Bukhari àti Muslim ló gbé e jáde.

Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Láti ìgbà mímọ dé ìgbà tí yóò jáde nínú iná, ìkòkò lè fi bí ìdá 10 nínú 100 kéré sí i: èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 á di nǹkan bíi 27. Ẹnu rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Ìdí rẹ̀ tó nípọn ló ń gbẹ kẹ́yìn. Tí ẹnu bá gbẹ tán tí ìdí ṣì tutù, ìkòkò á là. Nítorí èyí la ṣe ń fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀, tí à ń dojú rẹ̀ délẹ̀ kí atẹ́gùn lè kan ìdí. Ẹ̀yin ará, ẹnu wa náà ló ń kọ́kọ́ di ẹlẹ́sìn. A ó ti máa bá ará ilé wí lórí ohun tí ìdí ọkàn wa kò tíì gbà. “Kí ló dé tí ẹ ń sọ ohun tí ẹ kì í ṣe?” (61:2). Bo ẹnu náà fúngbà díẹ̀ kí ìdí lè bá a.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó gbẹ? Àwọ̀ kò tó ẹ̀rí. Gbé ìkòkò náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́: tó bá tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi ṣì ń bẹ nínú rẹ̀, má gbé e wọná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀ ló ń fọ́ ìkòkò nínú iná, omi ni. Tó bá di oru, àyè tó ń fẹ́ á tó ìlọ́po 1,600 èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ara ìkòkò ló sì ń gbà jáde. Ẹni tó bá gbọ́ ìró ìkòkò tó fọ́ yẹn á ní iná ló burú, bẹ́ẹ̀ ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jóná ní ìwọ̀n kan náà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

“Ṣé àwọn èèyàn rò pé a ó fi wọ́n sílẹ̀ pé kí wọ́n máa wí pé ‘A gbàgbọ́’ láìní dán wọn wò?” (29:2). Iná á dé. Ìkùnsínú tí o gbé pamọ́ láti ọdún mélòó kan, gbèsè tí o lówó rẹ̀ tí o kò san, hàlálì tí o pa pọ̀ mọ́ hàrámù: omi tó kù nìyẹn, ọjọ́ ìrọ̀rùn sì ni wọ́n ń fà á gbẹ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní ìgbà ìkọlù àkọ́kọ́ ni súúrù wà. Kò sí àyè láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sá amọ̀ nígbà yẹn.

Ẹni tó ti fọ́ ńkọ́? Amọ̀kòkò kì í da àfọ́kù nù. Á gún un, á jọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, bí apá kan nínú márùn-ún. Àfọ́kù yìí ti súnkì rí, kò ní súnkì mọ́, ó sì ń la ọ̀nà fún omi láti jáde, nítorí náà ìkòkò tí àfọ́kù bá wà nínú rẹ̀ ń fara da iná ju èyí tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní apáàdì ló tó ko iná lójú. Àmọ́ ó ní láti gba ọlọ kọjá: kí o jẹ́wọ́ fún Ọlọ́hun, kí o dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí o dá ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ padà. Ọlọ́hun ń gba túúbá ẹrúsìn Rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí kò bá tíì dé ọ̀fun.

Lẹ́yìn ìrun alásàrí lónìí, ní wákàtí tó kẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀, ni wọ́n ní kí a wá àsìkò tí àdúà ń gbà. Jókòó díẹ̀ kí o fi àdúà Ànábì wa bẹ Ẹni tó ya amọ̀ rẹ: Allāhumma kamā ḥassanta khalqī fa ḥassin khuluqī. Ọlọ́hun, bí O ṣe ṣe ẹ̀dá mi lẹ́wà, ṣe ìwà mi náà lẹ́wà. Àmín.