Kíjìpá fún Púpùpú

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn télọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ wọn sọ l'Óǹdó)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ìrépé aṣọ tó ń já bọ́ lábẹ́ màṣíìnì yín, kí lẹ ń fi ṣe? Mo ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ń nu epo màṣíìnì, àbí?

Irú ìrépé bẹ́ẹ̀ ni Harriet Powers kó jọ. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní 1837, ní Georgia, l'Amẹ́ríkà. Ó gé aṣọ ní àwòrán ènìyàn, ẹranko àti ìràwọ̀, ó rán wọn lé aṣọ ńlá lórí. Ó tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ mìíràn tì í nídìí, ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí òwú má baà ṣù jọ. Ohun tí òyìnbó ń pè ní quilt nìyẹn.

Ní 1886, ó gbé ọ̀kan tó fi ìtàn Bíbélì ṣe lọ síbi ìpàtẹ òwú. Ayàwòrán kan, Jennie Smith, fẹ́ rà á. Ó ní òun ò tà. Nígbà tó di 1891 tí ọwọ́ há, ó pè é ní dọ́là 10. Dọ́là 5 ni wọ́n san. (Ẹ̀yin náà kúkú mọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.) Àmọ́ kó tó fi í sílẹ̀, ó ṣàlàyé abala 11 tó wà lára rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, Smith sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àlàyé yẹn. Aṣọ náà wà ní Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé l'Amẹ́ríkà, lónìí.

Faith Ringgold, ayàwòrán obìnrin ará Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ fi quilt ya Harriet Tubman, Rosa Parks, Madam C.J. Walker àti àwọn akọni obìnrin márùn-ún mìíràn ní 1991: wọ́n wà láàárín oko òdòdó ní Faransé, wọ́n di etí quilt kan mú. Van Gogh, òyìnbó ayàwòrán nì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé òdòdó dání bí ẹni tí wọn ò pè.

Lílẹ aṣọ ò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún, abala lórí abala. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbé e. Púpùpú wá ńkọ́? Ìtàn Oǹdó ní obìnrin yìí ni Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, àkọ́kọ́, títí dòní ni Lóbùn, olóyè obìnrin, sì ń lọ́wọ́ sí fífi ọba jẹ. Ibo ni àwòrán rẹ̀ wà? Bó bá ṣe tèmi, a ò ní fi léèsì rán an. Kíjìpá ni, èyí tí àwọn ìyá wa fọwọ́ ara wọn hun nílé. Ẹni tó bá sì rán abala kan, kó fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó sọ ìdí tó fi rán an bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan nawọ́ sókè. "Ọmọ mi, bí mo bá gé kíjìpá ìyá mi, kí ni n ó máa fi bora?"

Mo ní ibi tí eku ti jẹ létí rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n gé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ bi àbúrò àwọn, nítorí àwọn méjèèjì ni ìyá fi í sílẹ̀ fún.