Ìdàrọ́ Òjé: Bí Ìdọ̀tí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Ti Inú Èéfín Dé Inú Omi àti Ilẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì kí ẹ lè wá síbi ìjókòó yìí nílùú Ìbàdàn, mo kí yín. Àṣà àwọn ìwé ẹ̀kọ́ wa ni láti pín ìbàyíkájẹ́ sí mẹ́ta: ti afẹ́fẹ́ lọ́tọ̀, ti omi lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpín náà dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ kò mọ irú ààlà bẹ́ẹ̀. Òjé tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ àti ti ínfátà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí pé ó kan ìlú yìí gbọ̀ngbọ̀n.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa, ṣebí òun ni àwọn olórìṣà ńlá fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Kò ṣòro láti yọ́: bí iná bá ti gbóná dé 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó di omi. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ewu rẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní èédú, ẹwìrì àti ìkòkò irin lè máa yọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Bátìrì tó ti kú, tí wọ́n ń rà kiri àdúgbò, bó bá dé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àáké ni yóò fi la ike rẹ̀. Ásíìdì inú rẹ̀ yóò dà sílẹ̀, yóò sì gbé ẹ̀rún òjé wọlẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá ń yọ́ òjé náà, èéfín yóò gbé eruku tí ojú kò lè rí dé orí òrùlé àti ara aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, òjò yóò sì fọ èyí tó wà lórí páànù sínú àgbá omi. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ìléru ni ìdàrọ́, tó dúdú, tó wúwo, tí ẹni tí kò mọ̀ á máa pè ní òkúta lásán.

Irú ìdàrọ́ bẹ́ẹ̀, láti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bátìrì, ni wọ́n kó dà sí Olódò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tí àwọn olùwádìí sì bá òjé rẹpẹtẹ nínú iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè kógbá sílé. Òjé kì í jẹrà. Ìbàdàn yìí kan náà sì ni ibùdó tó ń ṣe kòkárí Àdéhùn Basel nílẹ̀ Áfíríkà wà, àdéhùn ọdún 1989 lórí kíkó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìdàrọ́ Olódò ní tirẹ̀ kò ré ààlà kankan kọjá.

Ti omi kò gba àlàyé púpọ̀. Odò Aláró ló ń gbé omi ìdọ̀tí àgbègbè ilé-iṣẹ́ Olúyọ̀lé lọ sínú odò Ọ̀nà. Ṣúgà àti ọ̀rá tó ń bá omi ilé-iṣẹ́ oúnjẹ jáde ni kòkòrò àìfojúrí ń jẹ, wọ́n á sì lo ọ́ksíjìn inú odò tán, ẹja á kú. Bí wọ́n bá dáwọ́ irú ìyẹn dúró, odò á máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Òjé ní tirẹ̀ a máa rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, títí àgbàrá yóò fi ru ú sókè lọ sí oko ẹ̀fọ́ tó wà ní bèbè.

Àwọn ọmọdé ni ìyà náà ń jẹ jù, nítorí ilẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣeré, ọwọ́ wọn kì í sì í kúrò lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé òjé tí ara ọmọdé ń gbà nínú ohun tó bá gbé mì tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà, àti pé kò sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́.

Ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú ní agbo ilé, àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Àwọn dókítà ní oògùn tó ń fa òjé jáde lára, ṣùgbọ́n òógùn asán ni bí ọmọ bá ti ilé ìwòsàn padà sórí iyẹ̀pẹ̀ kan náà. Ńṣe ni wọ́n ní láti hú iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ síbi tí ènìyàn kì í dé, kí wọ́n sì kó iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ wá dípò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn, ètò tí a ó tẹ̀ lé nìyẹn: ilẹ̀ ṣáájú, oníṣègùn tẹ̀ lé e.