Ṣé Ọlọ́run òyìnbó ni mò ń sìn?

Ẹ káàbọ̀ o, èmi náà tún nìyí láti London, òtútù ò jẹ́ n gbádùn. Lónìí, ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ.

Ibi iṣẹ́ ni, mò ń gbàdúrà lórí ìrẹsì mi, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ Yorùbá kan tí mo jù lọ dáadáa bá ní, "Àǹtí, Ọlọ́run àwọn tó kó wa lẹ́rú lẹ tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, òyìnbó ti sọ jùyẹn lọ sí mi. Ó wá ní ṣe ni wọ́n kàn tan ìyá ìyá mi jẹ. Háà! Ìyá ìyá mi kẹ̀? Obìnrin tó ń bọ́ bàtà, tó ń wọ sùtánà funfun, tó ń gbààwẹ̀ lórí òkè, òyìnbó wo ló kọ́ ọ nìyẹn? Mo sì dákẹ́ o, ṣíbí ń bẹ lọ́wọ́ mi, ẹnu mi ò là.

Mo mọ̀, ẹnìkan ti ń sọ níbẹ̀ yẹn pé "àbí irọ́ ló pa, ṣebí òyìnbó ló gbé Bíbélì dé." Ẹ dúró ná. Ethiopia ti ń sin Jésù láyé Ọba Ezana, ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin nìyẹn o, Augustine tí póòpù rán sáwọn Gẹ̀ẹ́sì ò dé Kent àfi ní 597. Ta ló ṣáájú?

Ẹ tún wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n tà á títí ó fi dénú ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀, wọ́n wá fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury nílùú òyìnbó ní 1864. Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí: ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó lè fi ṣọmọ ọmọ dé bá a lórí odò Ọya, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró níṣojú ẹ̀. Bàbá arúgbó! Tó bá jẹ́ torí òyìnbó ló ṣe ń sin Jésù, ọjọ́ yẹn ni ì bá ti da Bíbélì nù. Ó bínú kúrò nínú ìgbìmọ̀ wọn, kò bínú kúrò lọ́dọ̀ Jésù. Bíṣọ́ọ̀bù náà ló ṣì jẹ́ títí ó fi kú ní 1891.

Mo ro gbogbo ẹ̀ fọ́mọ yẹn lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ o. Ó ní, "Àǹtí, àwọn pásítọ̀ tó ń dáná sun ojúbọ àwọn bàbá wa wá ńkọ́?"

Ẹ̀n-ẹ́n. Mi ò lè gbèjà ìyẹn, mi ò sì gbìyànjú ẹ̀.