Ẹ Má Gba Àtẹ Lọ́wọ́ Màmá

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Abuja, nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ kún un nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin èwe, mo kí yín o. Ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Lugbe àti Mararaba, ẹ kú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Nígbà tí alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú àgbàlagbà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń retí. Nọ́ọ̀sì ni mí lóòótọ́. Mo pẹ́ ní wọ́ọ̀dù kí n tó lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kékeré kan nílùú yìí. Àwọn kan ń gbé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn mìíràn, ọmọ wọn á gbé wọn wá láàárọ̀, á sì padà wá mú wọn nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Èmi fẹ́ sọ ohun tí àgbàlagbà ń ṣe láti ìgbà tó bá ti jẹun àárọ̀ tán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àsìkò yẹn gùn. Ibẹ̀ ni ilé ìtọ́jú ti ń dára, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá dárúkọ ilé àgbàlagbà láàárín wa, ojú á kọ́kọ́ le. A ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ta ló wá fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun gbé ìyá òun jù sọ́dọ̀ àlejò? Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń gbé ní Abuja. Ọkọ ti jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀ nítorí ọkọ̀ Nyanya, ìyàwó ti tẹ̀lé e, àwọn ọmọ wà ní ilé ìwé títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá tí a gbé wá láti Ìkìrun jókòó sínú fúláàtì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò gbọ́ Haúsá. Kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ẹnu ọ̀nà kejì. Tẹlifíṣọ̀n ló ń bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn bí iná bá wà. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń bá a gbé?

Torí náà, mi ò wá síbí láti sọ fún yín pé ẹ gbé òbí yín lọ sí ibì kankan. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan fúláàtì yín bó ṣe kan ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tèmi. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alábòójútó, mo ya ìlànà iṣẹ́ ojoojúmọ́ sórí páálí ńlá, mo fi báyìró aláwọ̀ mẹ́ta kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Aago mẹ́wàá, eré ìdárayá orí àga. Aago mọ́kànlá, orin. Aago méjìlá, àlọ́. Ó dùn-ún wò. Mi ò bi àgbàlagbà kan ṣoṣo léèrè nínú wọn. Bí aago mẹ́wàá bá lù, a ó ti àga wọn yípo, a ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Àwọn kan á gbé e. Bàbá kan, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta lo ń kọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ náà tó dùn mí.

Màmá kan wà níbẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún ta ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà ní Kaduna. Ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Láàárín wákàtí kan, ó lè béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé níbo ni ọkọ òun wà, ọkọ tó ti kú. Lójoojúmọ́ ló máa ń yọ́ wọ ilé ìdáná, lójoojúmọ́ la sì máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú jáde: "Ẹ jókòó mà, ẹ sinmi, a ti ń ṣe é." Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ lọ sílé. Gbogbo ẹni tó bá ti tọ́jú onígbàgbé mọ ẹkún ìrọ̀lẹ́ yẹn. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀ ni ọkàn wọn máa ń dàrú jù.

Lọ́jọ́ kan, alásè wa gbàgbé àtẹ ẹ̀wà sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí a tó mọ̀, Màmá ti gbé e lé itan. Ẹ ò rí ọwọ́ náà. Ó gbọn àtẹ lẹ́ẹ̀mejì, èèpo àti ìdọ̀tí kó jọ sí etí kan, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó dànù. Ó wá tẹ́ ẹ̀wà ní pẹlẹbẹ, ó ń fi àtàǹpàkò ti òkúta sí apá òsì, èyí tí kòkòrò ti jẹ sí apá ọ̀tún, láìwojú rẹ̀ púpọ̀, bí ẹni tó ń ka owó. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ti ń sọnù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ò gbàgbé nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó pe alásè: "Níbo lo ti ra èyí? Ẹ̀wà ọdún tó kọjá ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ tuntun fún ọ. Má rà á lọ́wọ́ ẹni yẹn mọ́." A fọ́ díẹ̀ wò, òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ yẹn, kò béèrè ilé.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí n tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwa ni a ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà lójoojúmọ́, tí a ń pè é ní ìtọ́jú.

Àwọn onímọ̀ ti rí i ṣáájú mi. Lọ́dún 1976, obìnrin méjì, Ellen Langer àti Judith Rodin, tẹ ìwé jáde lórí ilé àgbàlagbà kan ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún àwọn tó wà ní àjà kan pé ọwọ́ wọn ni ìgbésí ayé wọn wà: kí wọ́n to yàrá wọn bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n mú alẹ́ tí wọ́n fẹ́ wo sinimá, kí wọ́n sì yan òdòdó inú ìkòkò tí wọ́n á máa bu omi rin fúnra wọn. Àwọn tó wà ní àjà kejì gba òdòdó bákan náà, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bomi rin ín, wọ́n sì sọ fún wọn pé ojúṣe ilé ni láti mú inú wọn dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn àjà àkọ́kọ́ ló jí pépé, àwọn ló ń rìn káàkiri tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1991, dókítà kan tó ń jẹ́ Bill Thomas kó ajá, ológbò àti ẹyẹ bí ọgọ́rùn-ún wọ ilé àgbàlagbà ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní New Berlin ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ní àrùn mẹ́ta ló ń pa àwọn àgbàlagbà níbẹ̀: kí èèyàn máa dá wà, kí ó máa wo ọwọ́ ẹlòmíràn fún ohun gbogbo, kí ọjọ́ sì máa sú u.

A máa ń pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ wo ilé àgbàlagbà púpọ̀, ẹ wo yàrá ìyá yín náà. Gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ la ti sọ kalẹ̀, kí àgbà má baà rí nǹkan kan na ọwọ́ sí.

Àwa ò lówó ẹyẹ. Adìẹ mẹ́fà la rà. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ló gbà á ṣe. Ó ní ìwé kékeré tó fi ń kọ ẹyin sílẹ̀, déètì àti iye, bí ẹni pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láti Zaria. Àkùkọ kan wà nínú wọn tó máa ń kọ ní aago mẹ́ta òru. A pa á lọ́jọ́ Kérésì. Bàbá ò fẹnu kàn án, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yípo.

Ti ayò náà dùn. Bàbá ọ̀gá ilé ìwé yẹn ló ní kí ọmọ òun gbé ọpọ́n wá, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, pé pérépéré. Kò rí ẹni bá a ta. Alhaji kan láti Katsina ló jókòó tì í, tó wò ó títí, tó sì wá gbẹ́ ihò ọgbọ̀n sínú iyanrìn lábẹ́ igi máńgòrò láti fi ti tiwọn hàn án. Dara ni Haúsá ń pè é. Òkúta méjìlá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú. Bí tìrẹ bá tò ní mẹ́ta lórí ìlà, wàá mú ọ̀kan kúrò nínú ti ẹnì kejì. Yorùbá Alhaji ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, Haúsá Bàbá ò sì ju ti ọjà lọ. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n bí ẹ bá gbọ́ ariwo wọn. Ọ̀rọ̀ tí Alhaji kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni "ọ̀pẹ", ẹni tí kò mọ ayò ta. Ní báyìí, gbogbo wa lọ̀pẹ lójú rẹ̀, àti dókítà tó ń wá yẹ̀ wọ́n wò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rí àádọ́jọ ìṣẹ́jú eré ìdárayá lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, kọ́ ara bí a ti ń dúró láìṣubú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá tó ń lọ bọ́ adìẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ti ń rìn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé eré ìdárayá ni. Omi náà ńkọ́? Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà bó ṣe ń gbẹ ọmọdé, ooru oṣù kẹta ní Abuja ò sì mọ ìyẹn. Àárín ayò là ń gbé ife sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí àwa tó wà lókè ọya ló kàn jù.

Bí ìgbàgbé bá ń mú ẹni tó gbọ́ èdè méjì, èdè tó fi àgbà kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ Ọ̀fà, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti lọ pátá. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Tiv láti Benue, èèyàn jẹ́jẹ́, kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá á ní, "Mo fẹ́ tọ̀." Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí i, á bá a tún ìrọ̀rí ṣe. Ìyá á tún un sọ, ohùn á le. Nígbà tó bá yá, ó ti ṣe é sára. A kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, a sì wọ pámpáàsì fún un. Olùkọ́ ìjọ́sí! Ó ń mú un dúró. Àwa ni a ò gbọ́.

A wá kọ ogún ọ̀rọ̀ sára páálí, a fi kọ́ gbogbo àwọn olùtọ́jú: omi, òtútù ń mú mi, ó ń dùn mí níbí, mo fẹ́ tọ̀, ẹ ṣé. A kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. A sì fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù tí ẹbí ń kọ: oríkì rẹ̀. Láàárọ̀ báyìí, bí ẹ bá kọjá lẹ́bàá yàrá yẹn, ẹ ó gbọ́ ọmọ Tiv tó ń ké pe, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín," àmì ohùn ò bọ́ sí i rárá, ìyá á sì na apá sí i.

Ní ìlú Deventer ní Netherlands, ilé àgbàlagbà kan wà tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láyè láti gbé láìsan owó ilé, bí wọ́n bá ti lè fi ọgbọ̀n wákàtí lóṣù jẹ́ aládùúgbò rere. Àwa ní àgùnbánirọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí wọ́n ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Àwọn àkọ́kọ́ tó wá sọ́dọ̀ wa gbé bíṣíkíìtì wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Nínú àwọn tó wá lẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin kan ní òun ò mọ gbẹ̀gìrì í sè. Ọjọ́ yẹn ni ilé ìdáná wa kún jù látìgbà tí mo ti wà níbẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́rin ń bára wọn jiyàn lórí iye ìgbà tó yẹ kí a jọ̀ ọ́.

Ìjọba ò kúkú sùn pátápátá. Òfin ọdún 2017 ló dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, Abuja níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún àgbàlagbà láti 1990. Ọjọ́ òmìnira wa nìyẹn, ariwo rẹ̀ ló máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan nínú yín béèrè pé, bí òun bá wá kí ìyá òun, kí ni kí òun mú dání. Ẹ máa wá lọ́sàn-án, kó má jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí ọkàn wọn ti dàrú. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ rántí mi". Ìdánwò nìyẹn, ìtìjú ló sì ń dá sí wọn lára. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ ṣeun, à ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ mú iṣẹ́ wá pẹ̀lú. Mú bùbá tí bọ́tìnnì rẹ̀ já, mú ọmọ tí irun rẹ̀ ò tíì dì, mú ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí ní tòótọ́, má fi tàn án.

Arákùnrin tó wà lẹ́yìn béèrè pé, ṣé Màmá ẹlẹ́wà ṣì wà? Ó wà. Kò mọ orúkọ mi. "Ìyá Kaduna" ló ń pè mí, mi ò sì dé Kaduna rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Àwọn ìyá mẹ́fà ti kún un lórí bẹ́ǹṣì náà, àtẹ mẹ́ta péré la sì ní. Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó bá wa mú àtẹ wá, èyí tí wọ́n hun dáadáa, kó má ṣe oníke.