Candy: Ọ̀rọ̀ tó ti inú ìkòkò ṣúgà jáde

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí, ẹnu ọmọdé ló wọ́pọ̀ sí jù, bẹ́ẹ̀ àgbà ọ̀rọ̀ ni. Candy ni.

Ní èdè Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà, khaṇḍa ni ègé nǹkan, èyí tí a fọ́ kúrò lára odidi. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi pe ṣúgà tó ti dì, tó wà ní wóro-wóro. Àwọn ará Páṣíà pè é ní qand, ó kọjá lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ó di sucre candi lọ́dọ̀ àwọn Faransé, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní sugar candy. Nígbà tó yá, wọ́n já sugar sílẹ̀, ó ku candy. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà tọ̀ yìí ni ṣúgà ìrèké pàápàá tọ̀ dé Yúróòpù, níbi tó jẹ́ pé oyin ni wọ́n fi ń mú nǹkan dùn tẹ́lẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ègé? Ẹ da ṣúgà sínú omi gbígbóná títí omi ò fi ní lè gba sí i mọ́, kí ẹ wá so òwú kan rọ̀ sínú rẹ̀. Bí omi náà ṣe ń tutù, èyí tí kò lè gbé mọ́ yóò máa lẹ̀ mọ́ òwú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹ bá fà á jáde, ẹ ó rí wóro ńláńlá tó ní igun, tó ń dán gbinrin. Candy tí wọ́n sọ lórúkọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pè é ní Kandis. Ní Ostfriesland, agbègbè kan ní Jámánì níbẹ̀, inú ife ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ fi í sí, wọ́n á wá da tíì gbígbóná lé e lórí, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń sán.

Gẹ̀ẹ́sì tún fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí wọ́n bá ní àwọn candy èèpo ọsàn tàbí atalẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sè é nínú omi ṣúgà títí ṣúgà fi wọ inú rẹ̀ lọ. Kì í tètè bàjẹ́, nítorí ṣúgà ti gba omi tí kòkòrò àìfojúrí ìbá lò. Lójú tèmi, ìlò yìí ló sún mọ́ ìpìlẹ̀ jù, ó sì dùn mí pé àwọn ènìyàn kì í kà á sí.

Ní Amẹ́ríkà, gbogbo súìtì ni candy, títí kan ṣokoléètì. Ní Bìrìtìkó, sweets ni wọ́n máa ń sọ. Ní Ọsirélíà, lollies. Ṣúgà fífẹ́ tó rí bí òwú ni cotton candy fún ará Amẹ́ríkà, candyfloss fún ará Bìrìtìkó, fairy floss fún ará Ọsirélíà. Fairy Floss yìí gan-an ni wọ́n fi tà á níbi ìpàtẹ àgbáyé ìlú St. Louis lọ́dún 1904. William Morrison, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dún 1897, oníṣègùn eyín ni.

Ẹnìkan bi mí bóyá ibẹ̀ ni orúkọ obìnrin náà, Candace, ti wá. Rárá o. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, níbi tí ìwẹ̀fà ará Etiópíà wà: Kandake ni wọ́n pe ọbabìnrin rẹ̀. Oyè ni, tí wọ́n ń jẹ ní Kush, ní ilẹ̀ tó di Sudan lónìí. Candy tí wọ́n ń fi gé orúkọ yẹn kúrú kò bá ti ṣúgà tan.